Ibi Tó Yẹ Kéèyàn Ti Sunkún Nínú Ìtàn

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ní Sabon Zongo ní Accra, nínú ṣọ́ọ̀bù tí Alhaja Ràfíátù ti ń ta àwo àti ìkòkò. Alhaja jókòó sórí àga bí adájọ́, Afua kúnlẹ̀ sórí ẹní níwájú rẹ̀, fáànù ń pariwo láìfẹ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ ò lọ́jú pọ̀. Afua, ọmọ Asante tó ń ránṣọ ní Kokomlemle, ni Usamah, àbíkẹ́yìn Alhaja, fẹ́ fi ṣaya. Sátidé tó ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn ilé àwọn Afua, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ghana kí ètò ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bí ìyá ọkọ ò bá dìde, kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn kankan. Ẹ̀sìn kọ́ ló fa wàhálà o. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí Afua sí ní Kumasi, ó ti ń kírun kó tó mọ Usamah rárá. Èdè ni. Alhaja ti búra láti ìgbà ọyẹ́ pé òun ò ní tìtorí ìyàwó máa sọ Twi nínú ilé ara òun. Ni Afua bá lọ kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ àfáà kan. Ó gbájú mọ́ ọn, ó kọ́ ọ débi pé Yorùbá ló fi ń bá Usamah jà, Usamah tí wọ́n bí sí Accra á sì máa fi Twi bẹ̀ ẹ́.

Ìdánwò kan ló wá kù. Alhaja ní òun á sọ ìtàn kan fún un, òun á sì máa wo ojú ẹ̀. Ó ti là á mọ́lẹ̀ fún Usamah pé ìyàwó tí ò bá mọ ibi tí wọ́n ti ń sunkún nínú ìtàn, kò ní mọ ibi tí wọ́n ti ń sunkún nínú ilé.

Ìtàn tó sì yàn, kì í ṣe kékeré. Láti Ọ̀fà ló ti gbé e wá, lẹ́nu ìyá ìyá ẹ̀. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kí onítọ̀hún má fi aṣọ nu ojú. Oníbàárà kan tiẹ̀ sunkún títí rí, ó gbàgbé ìkòkò tó ti sanwó ẹ̀ sílẹ̀, Alhaja sì ń bá a tọ́jú ẹ̀ dòní.

Ó rọra bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láwàní. Ó fi òógùn ojú ẹ̀ kọ́lé, ó fẹ́yàwó, ó bímọ mẹ́ta, ilé dùn. Ikú dé, ó mú Láwàní lọ. Wọ́n ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ tán báyìí, ilẹ̀kùn dún. Ta ló wọlé? Ọmọ ẹ̀gbọ́n Láwàní ni, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, ó mú àgádágodo lọ́wọ́. Ó ní òun ló nilé. Ó ní kí ìyàwó kó àwọn ọmọ ẹ̀ jáde. Òjò sì ń rọ̀. Ohùn Alhaja ti ń gbọ̀n níbí yìí, ó ti na ọwọ́ sí etí ìborùn ẹ̀.

Afua mí kanlẹ̀. Ojú ẹ̀ tó ti le látìgbà tí Láwàní ti kú wá túká.

"Alihamudulilai," ló wí. "Ó dé lásìkò paa."

"Ta ló dé lásìkò?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Mà. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé kò sẹ́ni tó máa wá gba ilé yẹn."

Alhaja yọ ọwọ́ kúrò létí ìborùn. Ó rò ó sínú pé àfáà yìí ti gbowó ọmọ ọlọ́mọ jẹ lásán ni. Ó tún ìtàn náà sọ, ó là á wẹ́wẹ́ bí ẹni ń fún ọmọ lẹ́kọ. Ó fọwọ́ júwe àgádágodo, ó fọwọ́ júwe òjò. Nígbà tó parí, ó ní kí Afua sọ ohun tó gbọ́. Afua sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò gbé ọ̀rọ̀ kan jù sílẹ̀, ó tiẹ̀ bá Alhaja tún ibì kan ṣe. Èdè yé e. Èyí wá dẹ́rù ba Alhaja ju kí èdè má yé e lọ.

"Ó dáa," ló ní. "Nínú gbogbo wọn, ta ló burú?"

Afua rò ó dáadáa. Ó mọ̀ pé ibí ni wàhálà wà.

"Ìyàwó ni."

"Ìyàwó tí òjò ń pa?"

"Òun náà, Mà. Wọ́n ti ṣe ọjọ́ kẹjọ tán, kò tíì palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́, títí onílé fi wá bá a nínú ilé. Ojú gbà mí tì fún un."

Alhaja bu omi mu. Ó rí i pé ọ̀nà ibí yìí ò gbà, ó gba ibòmíràn. Ìtàn ìyá ìyá ẹ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní kéèyàn má fi iyọ̀ sí i. Ó ní ọmọkùnrin yìí ò yọjú rárá ní gbogbo ìgbà tí Láwàní fi wà lórí àìsàn. Ó ní lọ́jọ́ tó wá, fìlà tuntun ló dé, ó tiẹ̀ tún gẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Afua mi orí. Ó ní ohun tó yẹ ni, ẹni tó ti di olórí ilé ò lè wọlé ní orí lásán.

"Ó da ẹrù ìyàwó síta."

"Kò bá a gbé e?"

"Ó dà á síta ni, mo ní. Sínú ẹrẹ̀."

Afua kẹ́dùn díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ìyẹn ò dáa, ó yẹ kó bá a gbé e dé títì. Alhaja rí i pé ojú ẹ̀ ti ń rọ̀, kò jẹ́ kó tutù. Ó ní ìyàwó yìí kó ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n sùn, lórí símẹ́ǹtì, pẹ̀lú ebi, tí àbúrò pátápátá ń wúkọ́.

Omi bọ́ lójú Afua. Ó bọ́ lóòótọ́, ó sì ń ṣàn. Inú Alhaja dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. Ó ti ń ro aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Sátidé.

"Sunkún, ọmọ mi. Ìkà èèyàn ló wà nínú ìtàn yìí."

"Ìkà gbáà ni, Mà. Ọkùnrin yẹn ò ní ṣe rere."

"Àmín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Láwàní."

"Rárá, Mà. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó."

Alhaja fa àga ẹ̀ sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n ìyàwó wo? Mi ò dárúkọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó kankan fún ẹ."

"Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Àwọn ọmọ àbúrò ẹ̀ ń sùn lórí símẹ́ǹtì, òun wà nílé ẹ̀, ó ń jẹun. Ẹ ti sọ ìtàn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, Mà, kò jáde síta. Ẹni tó burú jù nínú ìtàn yìí ò tiẹ̀ yọjú sínú ìtàn."

Oníbàárà kan na ọrùn wọlé, ó fi Hausa béèrè abọ́. Alhaja ní abọ́ ti tán, bẹ́ẹ̀ abọ́ ga lẹ́yìn ẹ̀ títí dé òrùlé. Láti Ọ̀fà títí dé Accra, àwọn èèyàn tó ti sunkún níwájú ẹ̀ ò níye, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbé ẹkún ẹ̀ lọ sójúlé ẹlòmíràn rí. Ó ní kí Afua jókòó dáadáa, kó ṣàlàyé ara ẹ̀.

Afua ṣàlàyé. Ó ní nílé àwọn, ìyá lọmọ ń bá tan. Bàbá á fẹ́ràn ọmọ, á rán an nílé ìwé, àmọ́ ìdílé ìyá ló ni ín. Ọkùnrin tó bá ti bá ìyá ẹni jáde nínú ikùn kan náà, òun làwọn ń pè ní wọ̀fà. Ilé wọ̀fà nilé ọmọ, ohun tó bá sì fi sílẹ̀, ọmọ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló ni ín. Láwàní ni wọ̀fà ọmọkùnrin tó mú àgádágodo wá. Àwọn ọmọ Láwàní náà ní wọ̀fà tiwọn, lọ́dọ̀ ìyá wọn, kí wọ́n kọjá síbẹ̀ ló yẹ. Ó ní ìrun làwọn ń bá gbogbo Mùsùlùmí kí, àmọ́ tó bá di ti ogún nílé àwọn, bí Asante làwọn ṣe ń jẹ ẹ́.

Alhaja ń mi orí bọ̀, bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ìlú òkèèrè. Àfi bó ṣe dá orí tó ń mì dúró lójijì.

"Dúró ná. Ọmọ tí ìwọ bá bí fún Usamah, ọmọ ta ni?"

Afua wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ kékeré kan báyìí lè kó òun yọ. Àmọ́ Yorùbá ni àfáà kọ́ ọ, kò kọ́ ọ nírọ́.

"Ọmọ ìdílé mi, Mà."

Alhaja dìde. Ó ní ó parí. Ó ní kí Afua sọ fún Usamah pé kò sí kíkan ilẹ̀kùn kankan mọ́, kí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn wà jẹ́ẹ́ níbi tó wà. Ó ní òun kọ́ ni wọ́n máa bímọ fún, tí òun á wẹ̀, tí òun á fún lágbo, tí òun á gbé pọ̀n títí ẹ̀yìn á fi tẹ̀, kó wá dàgbà tán kí ẹnì kan láti Kumasi wá ní tòun ni.

"Ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ wọ̀fà ni mí?"

Afua ò dìde. Ó dùn ún, ó sì sọ ọ́ pé ó dun òun. Ó ní látìgbà ọyẹ́ lòun ti ń kúnlẹ̀, orúnkún òun ti nípọn. Ó ní òun fẹ́ràn Usamah, òun sì ti wá fẹ́ràn Alhaja náà, tòun ti ariwo ẹ̀.

"Màmá, Usamah ti kọ́ mi lóhun tí mo máa sọ. Ó ní tẹ́ ẹ bá ti bi mí, kí n ní ọkùnrin àgádágodo ló burú, kí n sì fi aṣọ bojú. Mo lè ṣe é. Àmọ́ tí mo bá sunkún èké fún yín lónìí, báwo lẹ ṣe máa mọ ọjọ́ tí mo bá ń sunkún òótọ́?"

Alhaja ò retí ìyẹn. Ó mú un níbi tí kò fẹ́ kó ti mú òun. Kò jókòó, kò sì lọ. Kí Afua má bàa rí ojú ẹ̀, ó kọjú sí àwọn ìkòkò, ó ń tò wọ́n bí ẹni tí iṣẹ́ ń pè. Níbi tó ti ń tò ó, ó kàn béèrè ìbéèrè kan ṣáá, kí ẹnu má bàa dákẹ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù fóònù tí Usamah ní ní Circle ńkọ́, tó bá darúgbó tí Ọlọ́run sì pè é, ta ló máa gbà á nílé tiwọn yẹn?

"Àwọn ọmọ Nafisa, Mà."

Nafisa lọmọ Alhaja obìnrin, ẹ̀gbọ́n Usamah. Ọkọ tó fẹ́ ò tíì rí iṣẹ́ tó wù ú láyé yìí. Kò sí ìgbà tí Alhaja forí kanlẹ̀ tí kò ní bẹ Ọlọ́run nítorí àwọn ọmọ Nafisa.

"Nafisa tèmi?"

"Tiyín, Mà. Ikùn kan náà lòun àti Usamah ti jáde. Nílé wa, kò sẹ́ni tó máa bá àwọn ọmọ yẹn dù ú."

Alhaja gbé ìkòkò ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Ó padà wá jókòó. Ó ní lóòótọ́ ló yẹ kéèyàn máa farabalẹ̀ gbọ́ àṣà ọmọnìkejì, ìwàǹwára ò dáa. Ohun kan péré ló kù tí kò yé òun. Àwọn ọmọ tí Afua fúnra ẹ̀ bá wá bí ńkọ́, ṣé atẹ́gùn ni wọ́n máa jẹ?

Afua rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Alhaja má bẹ̀rù, Agyei wà ńbẹ̀.

"Ta ló ń jẹ́ Agyei?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìyá kan náà ló bí wa."

Alhaja fa àga ẹ̀ súnmọ́ ọn. Ó béèrè iṣẹ́ tí Agyei ń ṣe, ó béèrè ẹ̀ bí ẹni tí ò béèrè. Afua ní pákó ló ń tà. Ó ní ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí Dansoman, ó sì ní oko kòkó díẹ̀. Alhaja béèrè bóyá ó ní àbúrò obìnrin mìíràn. Afua ní òun nìkan náà ni.

Ẹ ò bá rí ojú Alhaja. Ó ń rò ó, ètè ẹ̀ sì ń mì. Ọmọ Usamah: lọ́dọ̀ bàbá, àfáà máa jókòó, wọ́n máa pín in bí ẹ̀sìn ṣe wí, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti yẹ ọmọ náà sẹ́yìn? Lọ́dọ̀ ìyá, wọ̀fà dúró gbọin-gbọin pẹ̀lú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọmọ kan, ogún méjì. Ó ti gbàgbé pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣọ́ọ̀bù Usamah ta àwọn ọmọ Nafisa lọ́rẹ.

"Afua," ló wí, ohùn ẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. "Ìwọ sọ ìtàn Láwàní fún mi. Bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ nílé yín ni kó o sọ ọ́."

Afua sọ ọ́. Nínú tiẹ̀, ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé wọ̀fà ẹ̀ kan ṣoṣo kú. Látìgbà àìsàn ni ìbànújẹ́ ti bá a, kò jẹ, kò mu, ìdí nìyẹn tí kò fi lè yọjú, kò lè wo wọ̀fà ẹ̀ bó ṣe ń rù. Nígbà tí wọ́n ṣe ọjọ́ kẹjọ, ó ra fìlà, kó má bàa dójú ti òkú. Ó mú àgádágodo dání kí olè má bàa wọ ilé tí wọ̀fà ẹ̀ fi òógùn kọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò yà síbì kankan. Ó dé ẹnu ọ̀nà, omi ń kán lára ẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn.

Alhaja ti di etí ìborùn mú. Ẹkún gidi ló ń sun, imú ẹ̀ ń dún.

"Kò tiẹ̀ dúró kí òjò dá," ló ń wí. "Ọmọ tó mọ ilé ẹ̀."

"Àwọn ọmọ Láwàní ńkọ́, Mà?"

"Olójúkòkòrò ni wọ́n. Kí ni wọ́n ń wá nínú ilé onílé?"

Bí wọ́n ṣe parí ẹ̀ nìyẹn. Alhaja fa Afua dìde lórí ẹní, ó pè é ní ìyàwó mi, ó ní ọ̀rọ̀ Sátidé ti di ṣíṣe, òun fúnra òun ni òun máa fi ọwọ́ òun kan ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má bá òun kàn án. Ó di ọwọ́ Afua mú, ó gbàdúrà fún un. Ó gbàdúrà fún Usamah, ó gbàdúrà fún Nafisa. Ó wá kan Agyei. Ó ní kí Ọlọ́run dá a sí, kó darúgbó, kó pá lórí, kó hu ewú, àmọ́ ohun gbogbo ló ní àsìkò tiẹ̀. Afua ṣe àmín ìbẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́ ní ìparí.

Inú Alhaja dùn débi pé ó ń béèrè ohun tí kò kàn án. Ó ní ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn lọ́jọ́ náà. Afua ní Dansoman ni wọ́n ti máa gbà wọ́n lálejò, nílé Agyei, òun àti ìyàwó ẹ̀. Ó ní kí Alhaja má ronú ọ̀rọ̀ èdè, ìyàwó Agyei á máa bá a sọ Yorùbá.

"Ṣé òun náà lọ kọ́ ọ ni?"

"Yorùbá ni, Mà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ márùn-ún ló bí fún ẹ̀gbọ́n mi."

Alhaja ka márùn-ún náà sínú.

"Ṣé ó máa ń sọ ìtàn fún wọn?"

"Ó ń sọ ọ́ paa. Èmi ò tíì gbọ́ Yorùbá nígbà yẹn, mo kàn máa ń rí i tó ń fi ọwọ́ júwe àgádágodo, tó ń júwe òjò. Òun àtàwọn ọmọ ẹ̀ á bú sẹ́kún, Agyei á sì wá bá wọn sun ún. Òní yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún. Lẹ́yìn ọ̀kan nínú ẹkún wọn ni ẹ̀gbọ́n mi pe lọ́yà wá sílé, ó ka orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀ fún un kọ sínú ìwé ilé."

Alhaja wo ọwọ́ Afua tó ṣì wà nínú ọwọ́ ẹ̀. Kò jù ú sílẹ̀. Ó mí, ó mi orí, ó sì tún ìborùn ẹ̀ dà sí èjìká.

"Ará Ògbómọ̀ṣọ́," ló ní, "wọn ò mọ ìtàn sọ."